Nípa Ìtọ́jú Alùpùpù tí Ń Rin Ọ̀nà Oko

Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wù wá láti kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ojú-ewé yìí nípa iṣẹ́ kan tí ó kan ọ̀pọ̀ ilé, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà kà mọ́ iṣẹ́ ilé, èyíinì ni ìtọ́jú ẹ́ńjìnì alùpùpù. Bí a bá sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú aṣọ, tàbí ti àwo, tàbí ti kànga, gbogbo ìyá ilé ni yóò tẹ́tí sílẹ̀; ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ alùpùpù, olúkúlùkù a máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́káníìkì ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwa pàápàá ti rò rí, ìrònú náà sì gba ohun kan lọ́wọ́ wa tí a kò lè fi owó rà padà. Nítorí náà ni a ṣe mú kálàmù, kì í ṣe bí ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, bí kò ṣe bí ẹni tí ó ti fara gbá a.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ni iṣẹ́ wa, ní agbègbè Ìgbò-Ọrà, ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé gẹ́gẹ́ bí ìlú ìbejì. Àwọn ọmọ tí ń gbé inú ìlú kò ṣòro láti rí. Àwọn tí ó ṣòro ni ọmọ àwọn tí ń gbé abúlé oko, níbi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè dé. Ọ̀nà ibẹ̀ kún fún yanrìn, gbòǹgbò igi àti òkúta. Ní ìgbà òjò, àgbàrá a gbẹ́ ẹ bí ẹni gbẹ́ kòtò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku rẹ̀ a máa bo ènìyàn dé ìpéǹpéjú. Alùpùpù gíga ni a fi ń rìn ín, irú èyí tí táyà rẹ̀ ní eyín ńláńlá, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì jìnnà sí ilẹ̀. Ẹ̀yìn wa ni a máa ń so àpótí tútù mọ́, nínú èyí tí oògùn àjẹsára wà láàrin yìnyín, nítorí pé oògùn náà kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 8 lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ tutù ju ìwọ̀n 2 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 2018, alùpùpù wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Bí ó bá ń gun òkè kékeré, a máa mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tí ó ru ẹrù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe àtúnṣe lẹ́bàá ọ̀nà (a kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀bi náà pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ) tú ilé fítà, ó sì fa fóòmù inú rẹ̀ jáde. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ó ń fún un lọ́rùn nìyí. Ẹ jẹ́ kí a yọ ọ́ kúrò, kí ẹ́ńjìnì lè mí dáadáa." A gbà fún un. Alùpùpù sáré bí ẹṣin ní ọ̀nà ilé. Inú wa dùn, a sì ti fún ọmọ náà ní owó lé iye tí ó bèèrè.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ lẹ́yìn èyí tí ìyàwó ilé wa dúró ní ẹnu ọ̀nà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí a ti ń ṣáná sí alùpùpù náà. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, èéfín yìí kò rí bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ó ti ń dà bí omi aró." A dá a lóhùn pé kí ó fi ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì sílẹ̀ fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Kò tún sọ nǹkan kan mọ́, ó wọlé lọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2019, a ń lọ sí abúlé kan tí ó tó kìlómítà 18 sí ìlú. Ẹ́ńjìnì ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́, táyà ẹ̀yìn sì gan pa, ó wọ́ ilẹ̀. A tẹ ẹsẹ̀ ìṣáná rẹ̀, kò mira. A fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde, ó gbẹ bí igi ìdáná. Kìlómítà 7 ni ó kù. A fi alùpùpù sí abẹ́ igi mángòrò, a gbé àpótí lé orí, a sì rìn.

Nígbà tí a ó fi dé ibẹ̀, oòrùn ti kúrò ní àtàrí. Yìnyín kò tíì yọ́ tán, oògùn náà sì dára síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí wọ́n ti péjọ láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ti túká, nítorí iṣẹ́ oko kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Baálẹ̀ abúlé náà bu omi fún wa mu, ó ní, "Dókítà, wọ́n dúró dè yín títí. Ìyá ìbejì kan wà láàrin wọn tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ó pọn ọ̀kan, ó gbé ìkejì lọ́wọ́. Òun ni ó kúrò níbí kẹ́yìn." Àwọn ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 9, èyí tí í ṣe àkókò abẹ́rẹ́ èéyi. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà a padà lọ lórí alùpùpù tí a yá. Àwọn ọmọ yòókù gba abẹ́rẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìyá ìbejì ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí oko mìíràn, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọ̀nà rẹ̀ hàn wá. A bèèrè orúkọ àwọn ọmọ náà kí a lè kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ní ilẹ̀ ìbejì, ta ni orúkọ méjèèjì yìí lè tọ́ka sí?

Àgbà mẹ́káníìkì kan ní Ìgbò-Ọrà ni ó tú ẹ́ńjìnì wa. Nígbà tí ó fa sílíńdà yọ, ó ní, "Dókítà, ẹ fi ìka yín pa inú ibí yìí." Ibi tí ó yẹ kí ó máa dán bí ojú dígí ti di ojú àpáta, ó ní ipa lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Eruku ni ó ṣe é. Ẹ ti ń lọ irin lórí ọlọ láti ìgbà ọyẹ́."

Ohun tí ó ṣàlàyé fún wa nìyí. Ìlànà tí Nicolaus Otto ará Jámánì fi ṣe ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní ọdún 1876 náà ni alùpùpù wa ń tẹ̀lé títí di òní: ẹ́ńjìnì a fa afẹ́fẹ́ àti epo sínú, a tẹ̀ wọ́n pọ̀, iná a sọ kí ó sì ti písítìn sísàlẹ̀, lẹ́yìn èyí a tú èéfín síta. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, písítìn ń lọ sókè, ó sì ń bọ̀ sísàlẹ̀ ní ìgbà 100 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kí lítà bẹntiróòlù kan tó lè jóná tán, ẹ́ńjìnì ti fa afẹ́fẹ́ tí ó tó bí lítà 9,000 sínú. Kí olúkúlùkù wá ro iye eruku tí ó wà nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà oko, nígbà ọyẹ́, láìsí fóòmù tí yóò sẹ́ ẹ. Eruku náà jẹ ríìngì písítìn. Ọ́ìlì gba ibẹ̀ gòkè lọ sínú iná. Òun ni èéfín aró tí ìyàwó ilé wa rí. Ọ́ìlì ń jó lọ díẹ̀díẹ̀, àwa kò sì wò ó. Nígbà tí ó kù díẹ̀, ooru pọ̀, písítìn wú, ó sì há mọ́ inú sílíńdà.

Wọ́n rẹ́ inú sílíńdà náà fẹ̀, a sì ra písítìn tí ó fi ìdajì mìlímítà tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Owó ilé-ìwé ọmọbìnrin wa ni a kọ́kọ́ ná sí i; nígbà tí kò tó, ìyàwó ilé wa gbé owó àjọ rẹ̀ sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ kan. Owó fóòmù tuntun kò tó ìdá kan nínú ogún iye náà.

Nísisìyí a ó sọ ohun tí àgbà náà kọ́ wa, nítorí àǹfààní àwọn tí alùpùpù wọn ń rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Èkínní ni fóòmù fítà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kọjá kí a má wò ó. Kí a fi aṣọ mímọ́ dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí a fi kẹrosíìnì tàbí omi ọṣẹ fọ fóòmù náà, kí a má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, nítorí ewu iná. Kí a tẹ omi inú rẹ̀ jáde, kí a má lọ́ ọ bí ẹni fún aṣọ, kí ó má baà ya. Nígbà tí ó bá gbẹ tán ní ibòòji, kí a ta ọ́ìlì fóòmù sí i kárí, kí a sì fún èyí tí ó bá pọ̀jù kúrò. Ọ́ìlì yìí ni ó ń mú eruku. Fóòmù gbígbẹ kò lè mú un tó.

Èkejì ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Kí a wò ó ní òwúrọ̀ kí a tó jáde. Tiwa kò gbà ju nǹkan bí lítà kan lọ, a sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 1,000 kìlómítà. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí a tú u sílẹ̀, nítorí nígbà náà ni ìdọ̀tí ń bá a jáde. Kí a wò ó nínú oòrùn. Bí ó bá ń dán yẹ̀rìyẹ̀rì, irin ni ó ń jẹ́ irin nínú. Bóòtù ìsàlẹ̀ kò fẹ́ agbára, ó fẹ́ ọgbọ́n: ẹni tí ó bá fún un jù yóò ba ojú rẹ̀ jẹ́. Kí a rántí pé nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù, ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀, nítorí náà kí a ra èyí tí a kọ JASO MA sí lára. Òmíràn tí a ṣe fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè mú kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀. Ọ́ìlì àlòkù kò gbọdọ̀ dé ìtòsí kànga.

Ẹ̀kẹta ni pọ́lọ́ọ̀gì. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ara ẹ́ńjìnì le. Bí ó bá dúdú tí ó gbẹ bí èédú, epo pọ̀jù, tàbí kí fítà ti dí. Bí ó bá dúdú tí ó sì tutù fún ọ́ìlì, kí a tètè pe mẹ́káníìkì. Bí ó bá funfun, ooru pọ̀jù.

Ẹ̀kẹrin ni àlàfo fáàfù. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá ni a ń wọ̀n ọ́n, nígbà tí písítìn bá wà lókè tí fáàfù méjèèjì sì pa dé. Nínú tiwa, àlàfo náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí ó bá fẹ̀ jù, a ó gbọ́ ariwo rẹ̀. Bí ó bá há jù, a kò ní gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n fáàfù kò ní lè dé dáadáa, iná yóò sì jẹ ẹ́. Nítorí náà, kí a má ṣe fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ tan ara wa jẹ.

Àwa tí a ń kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ sínú káàdì ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́ kò ní ìwé kankan fún alùpùpù ara wa títí di ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin wa ni ó fa ìlà sí ìwé àjákọ kan: ọjọ́, kìlómítà, ohun tí a ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé òun ni ó ń fọ fóòmù, tí ó sì ń kà á sí wa létí bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ. Bí a bá sì fẹ́ fi nǹkan kan sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, kò ní gbà.

Àwọn ìbejì wọ̀nyẹn ti tó ọmọ ilé-ìwé nísisìyí, bí ó bá dára fún wọn. Ibikíbi tí a bá ti pàdé ìbejì tí ó tó ọjọ́ orí wọn ní ọ̀nà oko, a máa ń dúró bèèrè lọ́wọ́ ìyá wọn ibi tí wọ́n ń gbé ní ọdún 2019. A kò tíì rí wọn.

Ní ilé wa, a kì í jáde mọ́ láìjẹ́ pé ìyàwó ilé wa kọ́kọ́ yọ sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí a bá ṣáná. A ó dúró, òun yóò wo èéfín náà. Bí ó bá ní, "Ó mọ́," nígbà náà ni a ó gbé àpótí, tí a ó sì máa lọ.