Agolo tó Fara Pamọ́ Sínú Benz

Igbe rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ní Adawlato, ọjà Lomé ní Togo, níbi tí àwọn ìyá aláṣọ ti ń ná ọjà, tí àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè, tí àwọn alágbàárù ń pariwo kí èèyàn yà lọ́nà, ó yẹ kí igbe ọkọ̀ kan ṣoṣo sọnù. Èyí kò sọnù. Ó tín-ínrín, ó sì gùn, bí ẹ̀fọn tó há sínú agolo. Bí ọmọkùnrin tó ń wà á bá ti ń yí sítíárìn, ọkọ̀ á han. Bó bá dá ọwọ́ dúró, á dákẹ́. Ó fẹ́ yí ìdí ọkọ̀ padà nínú òpópó tí kò fẹ̀ ju yàrá lọ. Nígbà tó yí i dé ìpẹ̀kun, igbe náà di ìkérora.

"Ẹ má yí i mọ́ o! Ẹ pa á!"

Bàbá mẹkáníìkì ló pariwo. Ọmọ Ṣakí ni, ó ti pẹ́ ní Lomé débi pé Faransé àti Mina máa ń yọjú sínú Yorùbá rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Obìnrin tó ni ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń tún gèlè ṣe.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé kì í ṣe pé ọkọ̀ yìí ti fẹ́ kú?"

"Kò kú, Ìyá. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́."

Mercedes-Benz 240D ni ọkọ̀ náà. Funfun ni tẹ́lẹ̀, oòrùn ti sọ ọ́ di àwọ̀ eyín arúgbó. Ó wà lára àwọn tí iléeṣẹ́ náà ń pè ní W123, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1976, tí wọ́n sì ṣe ju mílíọ̀nù méjì àbọ̀ lọ kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1980. Ẹ́ńjìnnì onídíísù rẹ̀ kò mọ eré sá, agbára ẹṣin méjìléláàádọ́rin péré ló ní, ṣùgbọ́n ó wúwo. Irin ńlá yẹn ló dùbúlẹ̀ lé táyà iwájú, ìdí sì nìyẹn tí sítíárìn rẹ̀ fi fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò ọjọ́ ọdún.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn. Ó ń ṣí bí ti ọkọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n bí a bá tú ìdè rẹ̀, a lè gbé e dúró ṣánṣán bí ilẹ̀kùn àpótí aṣọ. Nínú ọjà, àǹfààní ńlá nìyẹn, nítorí kò dí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Bàbá gbé e nà tí ọmọbìnrin alágèlè kan fi gèlè mẹ́ta kọ́ ọ. Bàbá ká wọn kúrò, ó dá wọn padà fún un, kò sọ nǹkan kan.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní tí ọ́ìlì ń ran sítíárìn wọn lọ́wọ́, ike tí ojú ń rí inú rẹ̀ ni wọ́n ń rọ ọ́ìlì náà sí, ó máa ń wà lókè, wọ́n á sì kọ àmì sí i lára. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹni tó bá dúró síwájú ọkọ̀ yìí tó ń wá a lókè yóò wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí ó lọ, kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó ti orí gba ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀sì rádíétọ̀, kí ó wá wo ìsàlẹ̀, níwájú pọ́ǹpù tó ń fún díísù, ní ìtòsí bẹ́líìtì. Níbẹ̀ ló jókòó sí: agolo irin dúdú roboto, ó fi díẹ̀ tóbi ju agolo mílíìkì lọ, ìdérí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, nọ́ọ̀tì olétí méjì sì wà láàárín ìdérí bí labalábá tó bà. Pọ́ǹpù wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, àwọn méjèèjì ti di ara kan. Erùpẹ̀ àti ọ́ìlì àtijọ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn débi pé mo kọ́kọ́ rò pé ara ẹ́ńjìnnì ni.

"Wọn kì í wò ó," Bàbá ní. "Wọ́n ń wo omi, wọ́n ń wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Èyí, àfìgbà tó bá ké."

Kò fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì. Búrọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ mú, pẹ̀lú díísù díẹ̀ nínú ife, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ etí ìdérí yípo yípo. Ó pẹ́ níbẹ̀. Òkun kò jìnnà sí Adawlato. Ẹni tó bá kúrò nídìí kàtídírà tí àwọn Jámánì kọ́ parí ní 1902 yóò fẹsẹ̀ rìn dé etí omi kí òógùn tó bò ó. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti jẹ nọ́ọ̀tì náà títí ó fi di pupa rúsúrúsú. Bàbá nù ún, ó tún nù ún. Ó ní ẹyọ iyanrìn kan péré tó bá bọ́ sínú agolo yìí lè ha inú pọ́ǹpù, owó pọ́ǹpù yẹn sì ju ti ọ́ìlì lọ lọ́nà púpọ̀. Mo ti rí mẹkáníìkì tó ń ṣí i pẹ̀lú ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tú táyà.

Bó ṣe ń fọ̀ ọ́, mo bi ìyá náà ibi tó ti rí ọkọ̀.

"Ìyá mi ló rà á. Tuntun ni, nínú ike. Wọ́n ní bí ó bá fẹ́ kí sítíárìn fẹ́rẹ̀, owó ọ̀tọ̀ ni. Ó ní kí wọ́n fi sí i. Ó ní òun ò ní í fi apá tí òun fi ń gbé bélì aṣọ bá ọkọ̀ jà."

Òótọ́ ni. Títí di 1982, sítíárìn tí ọ́ìlì ń ràn lọ́wọ́ kì í bá gbogbo W123 wá. Àwọn obìnrin tí ìyá rẹ̀ bá ṣòwò sì lówó láti san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ni gbogbo ayé mọ̀ sí Nana Benz. Nígbà náà, wọ́n ń gba àǹkárá lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò òyìnbó, pàápàá ti Vlisco tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Helmond, ní Netherlands, ní 1846. Nana kọ̀ọ̀kan máa ń ní àrà tirẹ̀ tí ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ tà, òun náà ló sì ń sọ ọ́ lórúkọ tí ọjà fi ń rà á. Láti Lomé ni aṣọ ti ń lọ sí Kútọnu, Èkó, Abidjan, títí dé Kinshasa. Mercedes ni wọ́n fi ń fi ọrọ̀ hàn. Nígbà tí ìjọba Ààrẹ Eyadéma bá ń retí àlejò ńlá, tí ọkọ̀ ìjọba kò sì tó, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń yá a. Dédé Rose Creppy, ọ̀kan lára àwọn tí orúkọ wọn hàn jù nínú wọn, wà láyé pẹ́ tó láti rí ìgbà tí ọjà náà ń hó yaya àti ìgbà tó rọ.

Ohun tó rọ̀ ọ́ pọ̀. Ní 11 oṣù kìíní 1994 ni wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí méjì, tí aṣọ ilẹ̀ òkèèrè sì wọ́n lójijì. Àdàkọ olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà wọlé lẹ́yìn náà. Ní òru 11 mọ́jú 12 oṣù kìíní 2013, iná jó ilé Ọjà Ńlá tí wọ́n kọ́ ní 1967. Ìyá yìí ní ọjà àwọn jóná níbẹ̀. Ọkọ̀ wà nílé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nọ́ọ̀tì ṣí. Bàbá fi ọwọ́ kan tẹ ìdérí mọ́lẹ̀ bó ṣe ń tú u, nítorí sípíríǹgì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀, á fò sí i lójú. Ó gbé ìdérí dà sórí àkísà, ojú ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè. Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Èmi náà bẹ̀rẹ̀.

Irin kan nàró láàárín agolo, sípíríǹgì wé mọ́ ọn, ó tẹ fílítà kékeré onípépà mọ́ ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì tuntun a máa pupa bí omi ìsápá. Èyí dà bí kọfí tó sùn mọ́jú, ó ń rùn bí nǹkan tó jóná díẹ̀, kò sì dé ìdajì ibi tó yẹ kó dé. Mo rí àmì nínú ara agolo, ó gbẹ, ó dá wà lókè.

Bàbá ní ká wo ohun tí igbe náà jẹ́. Bẹ́líìtì ló ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ń ti ọ́ìlì lọ sínú àpótí gíà sítíárìn, ọ́ìlì yẹn ló ń bá apá awakọ̀ ti táyà. Bí ọ́ìlì bá fà, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù ń fà mu. Afẹ́fẹ́ kò lè ti nǹkan kan. Ariwo nìkan ló lè pa.

Ó yọ fílítà, ó fi òmíràn sí i, ó fa ọ́ìlì dúdú jáde pẹ̀lú síríǹjì. Lẹ́yìn náà ló bu ọ́ìlì tuntun tí wọ́n ń pè ní ATF sí i, díẹ̀díẹ̀, láti inú ike tó ti kọ́kọ́ nù. Ọmọkùnrin awakọ̀ ti mú ike ọ́ìlì bíréèkì wá láti bùùtù, ó ní òun rò pé ìkan náà ni wọ́n. Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Èyí á jẹ gbogbo rọ́bà inú rẹ̀. Wàá fi dáná fún ara rẹ."

Wọ́n tan ọkọ̀. Ọmọ náà ń yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Bàbá sì ń wo inú agolo bí ẹni tó ń wo àmàlà lórí iná. Ìfófòó funfun kún ojú ọ́ìlì, ó bẹ́, ó tún kún, ó tún bẹ́. Ọ́ìlì lọ sílẹ̀, Bàbá tún bu díẹ̀ sí i. Ó tó ìgbà mẹ́fà tàbí méje kí ojú rẹ̀ tó dán, kí ó tó dúró sí etí àmì. Kò sí ẹni tó sọ pé igbe ti dákẹ́. Ohun tí mo tún gbọ́ ni ohùn ọmọbìnrin alágèlè yẹn, ó ń pe oníbàárà.

Ìdérí padà sí ipò. Ìka méjì péré ni Bàbá fi dì í. Ó ní irin àárín yẹn kì í fẹ́ agbára. Ó fa àkísà láti èjìká, ó ń nu ọ́ìlì nù.

"Bàbá, ẹ dúró ná." Ìyá náà ti súnmọ́ ọn. "Aṣọ kí ni ẹ fi ń nu ọwọ́ yìí?"

Ó gba àkísà náà, ó nà án sí oòrùn, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Lábẹ́ ọ́ìlì, àwọ̀ ojú méjèèjì dọ́gba.

"Họ́láńdì gidi ni," ló wí. Ó mú etí àkísà náà pàdé ara wọn, ó ká a wẹ́rẹ́, ó sì tì í bọ inú àpò rẹ̀. Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ń kán ọ́ìlì, ó sì fi wọ́n nu ṣòkòtò.