Èéfín mọ́tò bàbá mi ni mo ń pè ní ibà ọmọ mi

Ṣé ẹ ti rí ẹni tó mọ ohùn mọ́tò bí ìyá ọmọ ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀? Irú wọn ni mí. Kí ọkọ̀ tó yọ lókèèrè ni mo ti máa ń sọ pé Peugeot 504 ló ń bọ̀, tàbí akẹ́rù Mercedes 911. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn létí mi jù ni Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Kò ní rédíétọ̀, kì í mu omi, afẹ́fẹ́ ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ọ̀hún sì wà. Tuku-tuku-tuku ló máa ń dún, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́ kì í ṣì í gbọ́.

Tíṣà ni bàbá mi. Ọdún 1978 ni wọ́n ra Ìjàpá tiwọn, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Èkó. Bí wọ́n bá ti dé ìkòríta la ti máa ń gbọ́ wọn. Màmá wa á sáré gbé omi ẹ̀bà kaná, àwa ọmọ á sáré wá ìwé mú lọ́wọ́. Nígbà tí bàbá kú ní 2011, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ká ta mọ́tò náà fáwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo ní kò ṣeé ṣe. Láti 2003 ni wọn kò ti ṣe irú rẹ̀ mọ́ rárá, Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe èyí tó gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe ìyẹn ló ká mi lára. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó máa ń dà bíi pé bàbá mi ló ń bọ̀ láti ilé ìwé.

Ní 2018, àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún méje, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí ń fọ́ òun. Bí a bá dé ilé ìwé láàárọ̀, á bì. Mo lọ ra oògùn ibà. Ó tún ṣẹlẹ̀, mo tún rà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fún un lóògùn ibà láàárín sáà kan ṣoṣo, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ìyàwó mi ló ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ara rẹ̀ kò gbóná. Ó bi wá pé ìgbà wo ló máa ń ṣe é. Ìyàwó mi ronú díẹ̀, ó ní, “Ọjọ́ ilé ìwé ni o. Lọ́jọ́ Sátidé, kò sí nǹkan tó máa ń ṣe é.” Nọ́ọ̀sì bá kọjú sí mi: “Dádì, kí lẹ fi ń gbé e lọ?”

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ní bí oṣù méjì sígbà yẹn, ohùn Ìjàpá mi ti yí padà. Ó ti wúwo sí i, ó ń bú ramúramù. Inú mi sì ń dùn! Mo ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé ẹ́ńjìnnì arúgbó náà ti jí.

Mo wa mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì tó ti ń tún un ṣe láti ayé bàbá mi. Wọ́n fi àkísà dí ẹnu páìpù èéfín méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n ní kí n tẹ́tí. Ṣìì! Èéfín ń jáde níbi tí kò yẹ. Wọ́n wá ṣí ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà, omi bátìrì sì ti jẹ irin ibẹ̀, ihò tó gba ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Orí ihò yẹn gan-an lọmọ mi ń jókòó sí, fèrèsé ẹ̀yìn kì í sì í ṣí.

“Ọmọ tíṣà,” wọ́n ní, “ọkọ̀ ń ké, ẹ̀yin lẹ pè é lórin.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín mọ́tò, carbon monoxide lorúkọ rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé èyí tó dára lọ sí ọpọlọ. Ọmọdé ń yára mí ju àgbà lọ, ìdí nìyẹn tó fi tètè ń mú wọn. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ni àmì rẹ̀, ó sì jọ ibà, àfi pé ara kì í sábà gbóná. Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ara sì ń yá bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ má lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ẹ gbé ẹni náà síta gbangba, kẹ́ ẹ sáré dé ọsibítù, níbi tí wọ́n ti lè fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Epo pupa àti mílíìkì táwọn ìyá wa gbójú lé kò lè yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bákan náà ni ti jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, àti ti ẹni tó ń tan mọ́tò sílẹ̀ nínú gárééjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì.

N kò ta Ìjàpá. Ajórinmọ́rin lẹ irin tuntun mọ́ abẹ́ ìjókòó, mo pààrọ̀ páìpù èéfín àti rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnnì ká, kí èéfín má baà tún rí ọ̀nà wọlé. Ó ti ń dún jẹ́jẹ́ báyìí. Ara ọmọ mi yá, kò bì mọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò tíì gbà kó tún wọ̀ ọ́, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ èrò ni wọ́n jọ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, èmi nìkan á sì máa bọ̀ lẹ́yìn wọn, tuku-tuku-tuku.