Agogo Mẹ́jọ Tó Fún Orin Ilé Wa

Bí ọdún Igogo bá ti wọlé ní Ọ̀wọ̀, ìlù di èèwọ̀. Fún ọjọ́ 17 tí wọ́n fi ń rántí Ọrọnsẹn, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹjẹn, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ lùlù láàárín ìlú. Ọlọ́wọ̀ á di irun bí obìnrin, á kó iyùn sọ́rùn, á jó jáde, agogo onírin ni wọ́n sì ń lù sí i lẹ́sẹ̀. Apá Ọ̀sẹ́ ni àwa ará Afo wà lóòótọ́, Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ìlú wa, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ agbègbè yẹn máa bá èèyàn jiyàn pé orin kò lè dùn bí ìlù kò bá sí níbẹ̀.

Mo ń sọ èyí nítorí ọ̀rọ̀ tó ń jẹyọ nínú ẹgbẹ́ àwa ọmọ Afo látìgbà tí a ti dábàá pé kí a máa fi agogo àfọwọ́mì kọrin níbi ìpàdé òpin ọdún. Àwọn kan ní nǹkan òyìnbó ni. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láàárín àwọn tó ń fa okùn agogo ńlá orí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n lè fi dánra wò nínú ilé. Lọ́dún 1902, Margaret Shurcliff gba irú agogo bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Whitechapel ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kó wọn lọ sí Boston. Nígbà tó fi máa di 1954, àwọn tó ń mì ín ní Amẹ́ríkà ti pọ̀ débi tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ sílẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lókè òkun ló ní i nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Dùùrù náà, nǹkan òyìnbó ni nígbà tí Fẹlá Ṣówándé ń fi ohùn orin Yorùbá ṣe iṣẹ́ fún un, a ò sì bá a jà.

Ẹgbẹ́ tó kún máa ń to agogo 37 sórí tábìlì, èèyàn bíi mọ́kànlá á sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni mẹ́rin ni tiwa, bí iṣẹ́ àti ọmọ bá gbà. Ẹni mẹ́rin, ọwọ́ mẹ́jọ, agogo mẹ́jọ. Iṣẹ́ ẹni tó ń to orin wá di èwo ni kó mú, èwo ni kó fi sílẹ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn mú láti dò dé dò òkè láìfo ọ̀kankan. Èmi ò ní mú un bẹ́ẹ̀. Só àti lá ìsàlẹ̀ ni màá fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà dò, rè, mí, só, lá, kí n wá fi dò òkè dé e lórí. Fá àti tí kò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ wa kì í béèrè wọn. Ohùn márùn-ún péré ni wọ́n ń rìn lé. Orin ìwé náà wà tó wọ inú rẹ̀. Ohùn orin Amazing Grace, tí William Walker so mọ́ ọ̀rọ̀ John Newton nínú ìwé orin tó tẹ̀ jáde ní 1835, kò lò ju mẹ́fà lọ nínú mẹ́jọ yìí.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a fi ń to orin ìwé kọ́ la fi ń to orin ìbílẹ̀. Orin òkèèrè tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá sábà máa ń lọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́rùn: ohùn orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn bíi Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí wọ́n gba orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, bọ́ nínú wàhálà yẹn nítorí pé ohùn ilé ni wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ ilé. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ Church l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, tẹ odindi ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Bí agogo bá gba orin ìwé, ọ̀rọ̀ ti lọ, ìjà parí. Ẹ lè fi ohùn kejì tàbí ẹ̀kẹta sí i, kò sí ohun tó bàjẹ́. Orin ìbílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mì ín láìsí ọ̀rọ̀ kankan, ẹni tó gbọ́ èdè ṣì ń gbọ́ ohun tó ń wí. Ẹ wá kó ohùn mẹ́rin bò ó mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Agogo gan-an kò sì fẹ́ ìrànlọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú dò, ẹ mì ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e sún mọ́ etí, ẹ má tíì pa á. Bí ohùn àkọ́kọ́ bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ só kan tín-ín-rín lókè réré. Kì í ṣe èèṣì: àwọn tó ń ṣe agogo yìí ló ń há a lórí ẹ̀rọ títí só yẹn á fi gún. Gbogbo wọn ló gbé irú ohùn kejì bẹ́ẹ̀ pọ̀n. Ẹ mì orin kan ṣoṣo, ohùn méjì ni àwọn tó jókòó ń gbọ́.

Níbi tí wọ́n ti ń lé orin, àwọn agogo ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń gbé ẹnu agogo ti èjìká kí ohùn rẹ̀ lè kú kí èyí tó kàn tó wọlé. Níbi gbígbè, a ò ní pa wọ́n mọ́. Só ìsàlẹ̀ àti dò á jọ dún, wọ́n á máa ró lọ. Ìyẹn ti tó ìyàtọ̀. Màmá kan láàárín wa, tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n jó mọ́, ló mú rè àti mí. Àwọn ló ní à ń yára pa rè jù, pé níbi tí wọ́n bá ti ń fa ọ̀rọ̀ nílé, kí a fi rè sílẹ̀ kó wọ inú mí. A dán an wò, ó bọ́ sí i. Agogo kò lè yí ohùn padà lẹ́nu bí ìyá ìlù ti í ṣe, ṣùgbọ́n ìyẹn sún mọ́ ọn.

Àwọn kan tún fẹ́ kí a tẹ́ agogo sórí fóòmù, kí a máa fọwọ́ ta ahọ́n rẹ̀ láti fi mú ìró kọnkọlọ jáde. Ó ṣeé ṣe. Èmi ò kàn rí ìdí tí a ó fi máa fi agogo olówó gọbọi ṣe iṣẹ́ agogo onírin, nígbà tí agogo onírin wà lọ́jà nílé. Ẹ fún ọmọ kan ní igi, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, kó máa lù ú.

Ó wá ku orin fúnra rẹ̀. Ẹ bá wa bẹ àwọn ìyá àti bàbá wa ní Afo, ní Ìdóàní, ní Ìfọ́n, kí wọ́n fi fóònù gba orin ránṣẹ́: orin ìyàwó, orin ọdún, orin òṣùpá tí àwọn ọmọdé ń kọ. Kí wọ́n kọ ọ́ tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀, ní èdè ilé gan-an, kí wọ́n má sọ ọ́ di Yorùbá inú ìwé nítorí tiwa, torí bí ohùn ọ̀rọ̀ bá yí, agogo tí a máa mú náà á yí. Kí wọ́n má fi kíbọ́ọ̀dù gbè é. Kí wọ́n sì jọ̀ọ́, pa jẹnẹrétọ̀ ná.