Bébà Tó Mọ Ara Mi

Ìró kì í béèrè iye íǹṣì tí ìdí ẹni jẹ́. Ẹni tó sanra ń ró o, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń ró o. Bí obìnrin bá lóyún, á tú u ró. Bó bá bímọ tán, á tún un ró, aṣọ kan náà ni. Búbà kò jìnnà sí i. Wọ́n á ká aṣọ sí mẹ́rin, wọ́n á gé ọrùn, wọ́n á gé abẹ́ apá, ó parí. Ọgbọ́n ńlá wà nínú aṣọ tí kì í fi ipá mú ara. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ti gáùn tó mọ́ra. Gáùn fẹ́ mọ ibi tí àyà ti yọ, ibi tí ìbàdí ti wọlé, bí ẹ̀yìn ṣe tẹ̀, bí èjìká kan ṣe rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rán an fúnra rẹ̀ nínú ilé gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò ti kọ́ ìmọ̀ yẹn. Ní tèmi, inú bébà ni mo ti kọ́ ọ.

Bébà tí mò ń sọ ni pátánì tí wọ́n ń tà nínú àpòòwé. Ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín tí mò ń gbé, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta òwú àti síìpù ni wọ́n ti ń tà á. Àwòrán obìnrin wà níwájú àpòòwé, iye yáàdì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ká mọ́ inú rẹ̀. Béèyàn bá tẹ́ ẹ, á bo tábìlì, á tún ya sílẹ̀. Ìlà ló kún orí rẹ̀. Iwájú nìyí, ẹ̀yìn nìyí, apá nìyí. Ọfà kan wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ọ̀nà tí òwú aṣọ gbọ́dọ̀ gbà, àwọn àmì onígun kéékèèké sì wà létí rẹ̀ kí apá lè mọ ihò tí yóò wọ̀. Ẹni tó bá fi ọfà yẹn ṣeré, gáùn rẹ̀ yóò máa yí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bó bá ti fọ̀ ọ́. Mo sì máa ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé kó ya àlùmọ́gàjí bébà sọ́tọ̀ kúrò lára ti aṣọ, nítorí bébà máa ń mú kí ojú àlùmọ́gàjí kú.

Télọ̀ kan tó ń jẹ́ Ebenezer Butterick ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta bébà yìí ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, ní ìlú Sterling ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1863. Kó tó dé, àwọn ìwé ìròyìn obìnrin ti ń tẹ pátánì jáde, àmọ́ ìwọ̀n kan ṣoṣo ni. Ẹni tí kò bá bá a mu ni yóò fà á tóbi fúnra rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ìyàwó rẹ̀, Ellen, ló ń ráṣọ fún ọmọ wọn tó sì sọ pé ì bá mà dára o, bí bébà bá wà ní ìwọ̀n tó bá ọmọ náà mu. Pátánì aṣọ ọkùnrin àti ti ọmọdékùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà. Ọdún 1866 ni ti obìnrin tẹ̀ lé e. Nígbà náà, kò sí ìlà kankan lórí bébà. Ihò ni wọ́n ń dá sí i lára, onítọ̀hún á sì máa fi ọgbọ́n orí mọ èyí tó jẹ́ ti dáàtì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ká aṣọ rán kó lè bá ara mu, àti èyí tó jẹ́ ti ìṣẹ́tí. Ní Jámánì, Aenne Burda bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tirẹ̀ ní Offenburg lọ́dún 1950, kò sì pẹ́ tó fi ń fi bébà pátánì sínú rẹ̀: ojú bébà kan ṣoṣo, ìlà gáùn, ti síkẹ́ẹ̀tì àti ti kóòtù á gba orí ara wọn kọjá, ẹni tó rà á ni yóò tọ tirẹ̀ jáde. Lọ́dún 1987, ìwé yẹn dé Rọ́ṣíà ní èdè wọn, ní àsìkò tí aṣọ tó wuyì ṣọ̀wọ́n nínú ìsọ̀ wọn.

Ohun tó jọ mí lójú nínú gbogbo èyí ni pé ohun tó ti wà nínú orí ọ̀gá télọ̀ nìkan wá di ohun tí obìnrin oko lè gbà látọwọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Bébà yẹn kò bi í pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ara ta ni wọ́n fi ya á? Ìwọ̀n 12 lórí ọ̀pọ̀ àpòòwé Amẹ́ríkà ni íǹṣì 34 ní àyà, 26½ ní ìbàdí, 36 ní ìdí. Obìnrin yẹn kò sí nínú ẹbí wa. Àwọn nọ́ńbà náà kò bá ti ìsọ̀ aṣọ mu pẹ̀lú. Ẹni tó ń ra 12 ní ìsọ̀ lè rí i pé 16 ni òun lórí bébà, mo sì ti rí obìnrin tó dá àpòòwé padà sórí igbá nítorí nọ́ńbà yẹn nìkan. Ó dùn mí. Nọ́ńbà lásán ni, wọ́n fi ń mọ ìlà tí wọn yóò gé ni. Bí àyà èèyàn bá tóbi, kó má ṣe fi ibi tó yọ jù yan bébà. Kó wọn òkè àyà, lábẹ́ abíyá, kó yan èyí tó bá ibẹ̀ mu, kó tó wá la bébà iwájú kó lè gba ọmú. Bó bá fi ọmú yàn án, èjìká á jábọ́, ọrùn á yanu, á sì rò pé òun ni kò mọ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Èèyàn á wọ gáùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, iwájú á gún régé. Bó bá yí ẹ̀gbẹ́ sí dígí, á rí i pé etí aṣọ ti gbéra lẹ́yìn, orúnkún ló wà níwájú, itan ló fẹ́ hàn lẹ́yìn. Lókè ìdí, níbi tí ẹ̀yìn ti wọlé, aṣọ á ká jọ. Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ìdí tó yọ ti jẹ nínú gígùn síkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn tó wọlé kò sì lo gbogbo aṣọ tí bébà fún un. Fún ti òkè, mo máa ń ká bébà ẹ̀yìn ní ọ̀gangan ìbàdí, bí ìlàjì íǹṣì láàárín, kó máa tín-ín-rín títí yóò fi di òfo létí ẹ̀gbẹ́. Fún ti ìsàlẹ̀, mo máa ń la bébà síkẹ́ẹ̀tì níbi tí ìdí ti yọ jù, láti àárín ẹ̀yìn dé etí ẹ̀gbẹ́, kí n má là á já. Màá ṣí i, á yanu bí ẹnu ẹja, màá fi bébà mìíràn dí i, màá lẹ̀ ẹ́. Dáàtì náà á fẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni màá gé e sára aṣọ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, màá rán an gbàgẹ̀rẹ̀, màá wọ̀ ọ́, màá jókòó, màá nawọ́ sókè bí ẹni fẹ́ mú ìkòkò lórí pẹpẹ. Ohun tí ara bá sọ, màá kọ ọ́ sórí bébà pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kọ ọ́.

Àwọn ìwé ìránṣọ àtijọ́ kan máa ń ka irú ìdí bẹ́ẹ̀ sí àléébù tí gáùn gbọ́dọ̀ bò. Mi ò gbà rárá. Ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ni à ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí. Bébà ló kúrú, kì í ṣe èèyàn ló yọ jù.

Aṣọ tiwa náà ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ bébà. Ní òpópónà Wentworth, lẹ́bàá Liverpool Street, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra ańkárá, yáàdì mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń dì, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju bí íǹṣì 46 tàbí 48 lọ. Nítorí náà, ìlà íǹṣì 45 lẹ́yìn àpòòwé ni ká máa wò, kì í ṣe ti 60. Bí ẹyẹ bá wà lára aṣọ, gbogbo ẹyọ bébà gbọ́dọ̀ dojú kọ ọ̀nà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹyẹ iwájú á máa fò, ti ẹ̀yìn á máa fi orí sọlẹ̀. Bó bá jẹ́ òdòdó róbótó ńlá, ká tètè mọ ibi tí yóò bọ́ sí kó tó di pé ó jókòó sórí ọmú méjèèjì. Aṣọ kan sì wà tí n kò ní gé láéláé: àdìrẹ Ìbàdàndùn. Yáàdì méjì ààbọ̀ lọ́nà méjì ni wọ́n so pọ̀, àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn wà lára rẹ̀, ẹni tó ya á sì to ìgúnmẹ́rin kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn. Dáàtì kò ní ohun tó fẹ́ wá ṣe níbẹ̀. Ìró ni yóò máa jẹ́.

Mi ò sọ pé kí ìró má yí padà o. Shade Thomas-Fahm, tó kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì padà sí Nàìjíríà lọ́dún 1960, ló fi síìpù sí ìró kí obìnrin tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ lè wọ̀ ọ́ kíá. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tí ilé ọnà Victoria and Albert pàtẹ lọ́dún 2022. Ó mọ aṣọ ilé kó tó fi àlùmọ́gàjí kàn án, èyí ló jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé Ìbàdàn. Ìyá aránṣọ rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá kì í lo bébà. Téèpù lọ́rùn, ẹfun lọ́wọ́, á tẹ́ aṣọ, á fa ìlà, á sì ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn títí wọn yóò fi ṣe fúrídọ̀ọ̀mù. Àwọn kan níhìn-ín máa ń pe ìyẹn ní iṣẹ́ àfojúdá, wọ́n sì ṣì í pè. Àwọn kan nílé máa ń sọ pé ẹni tó ń lo bébà kò mọ iṣẹ́, àwọn náà ṣì í pè. Ìyá yẹn ní bébà tirẹ̀, inú orí rẹ̀ ló wà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé bó bá kó kúrò ní Mọ́kọ́lá lọ́la, gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ara àbúrò mi bá a lọ nìyẹn, ẹlòmíràn á tún bẹ̀rẹ̀ látorí èjìká. Èyí tí mo tún ṣe sórí bébà kò lọ síbì kankan. Bí mo bá sanra, màá fa ìlà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìn kan náà ni èmi àti àbúrò mi jogún. Mo tọ bébà gáùn mi sórí bébà tó le, mo fi rán ẹni tó ń lọ sílé. Ìyá aránṣọ tẹ́ ẹ, ó wò ó pẹ́, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí àbúrò mi: “Ẹ bá mi kí Àǹtí yín, ẹ ní mo ní wọ́n kú iṣẹ́. Ẹ̀yìn yìí dára, ibi tí mo máa ń wá kiri gan-an nìyí. Ṣùgbọ́n abẹ́ apá yìí ga jù. Ooru ń mú níbí. Kí wọ́n bá mi sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀.” Òótọ́ ló sọ fún Ìbàdàn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, abẹ́ apá tó ga ló ń jẹ́ kí n lè gbọ́wọ́ sókè nínú bọ́ọ̀sì láìjẹ́ pé gbogbo gáùn bá mi gòkè, nítorí náà ìlà méjèèjì ló wà lórí tèmi báyìí, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Ó tún ní kí n fi ti síkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí n má gé e tẹ́lẹ̀, kí n jẹ́ kí gbogbo ìwọ̀n wà lára rẹ̀, torí pé ó ní àwọn oníbàárà mìíràn tó fẹ́ gé e fún.