Iṣẹ́ Tí Mo Fi Ń Sá fún Èrò

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan: mo fẹ́ràn iṣẹ́ àṣemọ́jú. Pílánì ilé ni mò ń yà jẹun. Àwọn tó ń kọ́lé ní Ìlérò, Òkèhò àti Ìṣẹ́yìn a máa pè mí ní Ẹnjiníà, bí mo tilẹ̀ ń sọ fún wọn pé ayàwòrán ilé ni mí. Bí mo bá jókòó ti kọ̀ǹpútà di òru, tí mò ń kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, D1, D2, D3, tí mò ń ka fèrèsé títí ojú mi fi pọ́n, inú mi a máa dùn. Ta ni yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ?

Ọmọ kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí n'Ìbàdàn ló fi ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Dynamo hàn mí. Ian Keough, ará Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti láti ẹ̀dà 2020 ti Revit, ètò tí a fi ń ya ilé, ni ó ti ń bá Revit fúnra rẹ̀ wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Grasshopper, tí David Rutten gbé jáde ní 2007 fún Rhino, ètò ìyàwòrán mìíràn. Nínú àwọn méjèèjì, kò di dandan kí èèyàn jókòó máa tẹ àṣẹ gígùn jàn-ànràn. Àpótí kéékèèké ni a ń tò sójú kọ̀ǹpútà, a ó wá fi ìlà so ọ̀kan mọ́ èkejì. Ohun tí àpótí kan bá rí ṣe, ìlà á gbé e fún èyí tó kàn.

Ẹ̀rù bà mí. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe iṣẹ́ tí mo fi ń gbowó, kí ni n ó máa jẹ? Àwáwí wá pọ̀ lẹ́nu mi: iná kò sí, dátà ti wọ́n, àwọn tó ń kọ́ni lórí YouTube ń yára sọ̀rọ̀ jù.

Ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ kan ló mú mi kọ́ Dynamo. Mo ti kọ nọ́ńbà sí gbogbo ilẹ̀kùn tán kí onílé tó ní ká fi yàrá kan kún un lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Nọ́ńbà gbogbo ilẹ̀kùn tó kù gbọ́dọ̀ yí nìyẹn. Ọ̀sán ọyẹ́ ni, sólà ń ṣiṣẹ́, n kò rí àwáwí kankan wí. Mo to àpótí mi: èkíní kó gbogbo ilẹ̀kùn jọ, èkejì bèèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, ẹ̀kẹta tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún, ẹ̀kẹrin kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ìṣẹ́jú àáyá ni ó fi ṣe é, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní tèmi, apá ọ̀tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń gbà lọ, n ó sì gba apá òsì bọ̀. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí ẹnikẹ́ni kò bi mí. Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ ní kí n sọ ọ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, tí nọ́ńbà náà gún tán, n kò yọ̀. Ọwọ́ mi kàn ṣófo ni. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ màmá kan tí mò ń yà pílánì fún n'Ìlérò tó padà sí mi lọ́kàn: "Ẹnjiníà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó máa wọ yàrá mi yìí ńkọ́?" Ṣe ni mo ń fi "a ó wò ó, Mà" dá wọn lóhùn.

Mo wá wò ó. Ìlérò fi bíi dígírì 8 wà ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Lọ́sàn-án gangan ní ìparí Disẹ́ńbà, gúúsù ni oòrùn máa ń tẹ̀ sí, yóò sì ga tó bíi dígírì 59. Bí etí òrùlé bá yọ dáadáa, ó lè dí i. Ti ìrọ̀lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀gangan ojú fèrèsé ló ń gbà wọlé láti ìwọ̀-oòrùn, kò sí òrùlé tó fẹ̀ tó láti dí i. Mo ṣe àpótí kan tí mo fi ń yí gbogbo ilé náà díẹ̀díẹ̀, mo sì ń wo ibi tí oòrùn ń dé. Níkẹyìn, yàrá màmá bọ́ sí ìlà-oòrùn, yàrá ẹrù àti ilé ìwẹ̀ ló wá gba ìwọ̀-oòrùn.

Mo fi han màmá. Wọ́n ní, "Ohun tí mo ti ń bá ọ sọ láti ìjọ́sí nìyẹn."

Owó tí mò ń gbà kò dínkù, kò sì tì mí lójú láti gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, kó kọ́kọ́ fi bírò kọ gbogbo bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ kan sínú ìwé, títí kan ohun tó rò pé gbogbo ayé mọ̀. Lẹ́yìn náà ni kó wá ṣí kọ̀ǹpútà. Ní tèmi, abẹ́ iṣẹ́ àṣemọ́jú ni mo ń fara pamọ́ sí. Bí yàrá ẹnikẹ́ni bá gbóná nínú ilé tí mo yà báyìí, n kò lè sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi.