Ta Ni Ọ̀gá Nínú Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Wa?

Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ìrántí ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi tí mo rí i pé ó kan gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni.

Ní ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àkọ́bí mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19 tí a bí sí Àbújá níbí, sọ pé Okocha ni agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ tí Nàìjíríà tíì ní. Mo ní irọ́ ni. Ni a bá mú bírò, kí oníkálukú kọ orúkọ ẹni márùn-ún, láti orí ẹni kìíní dé orí ẹni karùn-ún. Èmi kọ Ṣẹ́gun Ọdẹgbàmí, Rashidi Yekini, Muda Lawal, Teslim Balogun àti Okocha. Òun kọ Okocha, Kanu, Osimhen, Mikel àti Adémọ́lá Lookman. Mo wò ó títí, n kò rí Yekini níbẹ̀. Inú bí mi.

Ó bi mí pé, "Dádì, Ọdẹgbàmí tí ẹ fi ṣe ẹni kìíní yìí, ẹgbẹ́ wo ló gbá bọ́ọ̀lù fún ní ìlú òyìnbó?" Mo ní kò sí. Shooting Stars ti Ìbàdàn ló wà títí ó fi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1984. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti jàre ẹjọ́. Mo ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní 1976, ẹgbẹ́ Ìbàdàn yẹn ló kọ́kọ́ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà wá sí Nàìjíríà, Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ Roger Milla, ni wọ́n sì nà kí wọ́n tó gbà á.

Mo wá sọ ti Saturday, 22 March 1980 fún un, nígbà tí Green Eagles kojú Algeria ní Sùúrùlérè. Ọmọ ọdún 10 ni mí. Ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò wa rọ́ lọ wò. Bọ́ọ̀lù kò tíì lọ jìnnà tí Ọdẹgbàmí ti gbá a sáwọ̀n. Ó tún gbá òmíràn wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Muda Lawal, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì kí bọ́ọ̀lù tó gbé e ga, ló gbá ẹ̀kẹta. Góòlù 3 sí òdo! Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà nìyẹn. Ìyá mi tí kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù jó dé títì.

Ọmọ mi obìnrin tó ti ń gbọ́ wa láti kíṣìnnì jáde wá, ó gba ìwé méjèèjì wò. Ó ní, "Asisat Oshoala dà? Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù lọ ní Áfíríkà. Ó bá Barcelona gba Champions League lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tí ẹ kọ?" Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ara wa, a ò rí èsì fọ̀.

Ọmọkùnrin náà tún yí sí mi. "Dádì, Teslim Balogun yìí ńkọ́, ṣé ẹ rí i rí?" N kò rí i. Balogun tí wọ́n ń pè ní Thunder wà lára àwọn tó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ìlú Ọba ní 1949, tí ọ̀pọ̀ wọn kò wọ bàtà, ó sì padà gbá fún Queens Park Rangers níbẹ̀. Ní 1972 tó kú, ọmọ ọwọ́ ni mí. Bàbá mi ló máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn.

Ó ní, "Bàbá yín sọ ti Balogun fún yín. Ta ló sọ ti Yekini fún èmi?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo rántí May 2012, nígbà tí Yekini kú ní Ìbàdàn. Mo sunkún nínú pálọ̀ yìí kan náà. Ọmọ yìí kéré nígbà náà, ó bi mí ohun tó ṣe mí. Mo kàn ní, "Ẹnì kan ló kú," mo sì ní kó lọ sùn.

A wá fídíò náà jáde lórí fóònù: Nàìjíríà àti Bulgaria, June 1994, ní Dallas. Mo sọ fún un pé ọ̀gànjọ́ òru ni lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Finidi gbé bọ́ọ̀lù kọjá, Yekini tì í wọlé, góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ó wọnú àwọ̀n, ó na ọwọ́ méjèèjì jáde láàárín rẹ̀, ó ń ké. Ọmọ mi wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Ọmọ ibo ni?" Mo ní ọmọ Ìrá ni, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí.

Ó ní, "Bíi tèmi nìyẹn."

Ẹ̀yin òbí, èmi gan-an kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Jos ni Ọdẹgbàmí, ọmọ Ẹ̀gbá, dàgbà sí. London ni wọ́n bí Lookman sí, ẹni tó gbá góòlù 3 wọlé nínú àṣekágbá Europa League ní May 2024. Ọmọ ẹni tó kúrò nílé ni gbogbo wọn, bí àwọn ọmọ tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kò lè mọ ẹni tí a kò dárúkọ fún wọn. A ń san owó ilé-ìwé, a ń ra aṣọ, a sì ń dákẹ́ lórí ohun tí ojú wa rí. Bí a bá dákẹ́ títí, orúkọ àwọn èèyàn wa yóò máa yọ kúrò nínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò jọ pé àríyànjiyàn náà lè parí. Ọmọ mi ṣì fi Okocha ṣe ẹni kìíní, ṣùgbọ́n Yekini ti di ẹnì kejì rẹ̀. Èmi náà yọ orúkọ kan, mo fi Oshoala sí i. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Ẹ lọ bi àwọn ọmọ yín léèrè lálẹ́ òní, kí ẹ sì fi Yorùbá bi wọ́n. Ọlọ́run yóò dá ẹgbẹ́ wa sí. Àṣẹ.