Àìsàn Ọkọ̀ Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

Àìsàn tí ó bá jókòó sójú kan kì í pẹ́ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ni ó ń dààmú ènìyàn. Irú rẹ̀ ni ó ṣe ọkọ̀ dísù tí a fi ń gbé ìyá wa láti Iléṣà lọ gba ìtọ́jú ní Adó-Èkìtì. Bí a bá ti kọjá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tí a dojú kọ òkè Ẹ̀fọ̀n, agbára rẹ̀ a pòórá lójijì. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbẹ́ tírélà ni a wà, a fẹ́ kọjá rẹ̀, nígbà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ mìíràn sì yọ lókè. Ọpẹ́lọpẹ́ awakọ̀ tírélà tí ó fà sẹ́yìn fún wa. A dúró, a pa ẹ́ńjìnnì, a tún un ṣí: agbára ti padà!

Mẹkáníìkì wa ní tọ́bò ti kú, kí a ra òmíràn. Owó rẹ̀ ju owó ilé ìwé ọmọ méjì lọ. A kò pè é ní òpùrọ́, nítorí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ọkọ̀ náà kì í ṣàìsàn rárá. Ìyá wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí ìrora tiwọn náà ti ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá ti rí dókítà.

Èéfín tí ó ń lọ sí sàléńsà ni ó ń yí abẹ́bẹ̀ kékeré kan nínú tọ́bò. Abẹ́bẹ̀ kejì, lórí irin kan náà, ń ki afẹ́fẹ́ bọ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n lè yí ju 100,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nínú irú tiwa, àwọn ewé irin kan ni ó ń darí èéfín náà. Ọ̀pá kan ń sún wọn, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí pọ́ǹpù ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni ó sì ń mú ọ̀pá náà ṣiṣẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù tàbí tí ó kéré jù, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ a dín agbára kù kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́, ó sì lè má dá a padà títí a ó fi yí kọ́kọ́rọ́. Ohun tí ó mú wa ṣiyèméjì nìyí: tọ́bò tí ó ti kú kì í jí nítorí pé a yí kọ́kọ́rọ́.

A wá ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbóná, orí òkè ni. Kò sí èéfín dúdú, kò sí ariwo afẹ́fẹ́ tí ń jò. Ìyẹn mú wa fọkàn kúrò lára rọ́bà ńlá tí ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnikẹ́ni tó yọ bátìrì, a ní kí wọ́n ka ohun tí kọ̀ǹpútà fi pamọ́: afẹ́fẹ́ kéré sí èyí tí ó béèrè. Bí ó bá jẹ́ pé ó pọ̀ jù ni, à bá fura pé èédú ti mú àwọn ewé irin náà.

Ọ̀gá mẹkáníìkì gbà láti bá wa gun òkè náà. Ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an ni ó ti ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí nǹkan tó tutù. Ó fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa afẹ́fẹ́ inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà: ọ̀pá gbéra, ó tún rọra padà. Ní ṣọ́ọ̀bù, ní tútù, gbọin ni ó ń dúró. Rọ́bà náà fara ti irin gbígbóná, ó ti là lábẹ́ níbi tí ojú kò tó. Bí ó bá tutù, ojú ibẹ̀ a pa dé; bí ó bá gbóná, a rọ̀, a sì yanu.

Ó fi tuntun sí i, ó so ó jìnnà sí irin. Ó gé ibi tí ó là lára ti àtijọ́, ó fi í sápò, ó ní àwọn ọmọṣẹ́ òun gbọ́dọ̀ rí i.